Apá Kejì Orin Adétọ́lá Ẹ̀gà

Láti àárọ̀ ọjọ́ Sunday yẹn ni ìdí Simbiat kò ti gba ìjókòó. Ó fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó tú aṣọ tó ti ká lánàá, ó tún un ká. Ó ṣí fèrèsé, ó tì í, ó tún padà lọ ṣí i. Ìyá arúgbó tó ń tọ́jú ní Soundview, ní Amẹ́ríkà, tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ń fi ojú tẹ̀ lé e láti orí àga títí ó fi sú u. Ó ní kí Simbiat jọ̀ọ́ jókòó, òòyì ti ń kọ́ òun. Simbiat rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà, ó sì tún lọ yọjú sí òpópónà.

Hameedah ló ń wò lọ́nà. Ọmọ Ìlọrin ni Hameedah, òun ló yẹ kó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí Simbiat bá ti pè é, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Àǹtí, mo ti wà lójú ọ̀nà o." Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lẹ́nu ọmọ Nàìjíríà. Ó ṣì ń wá bàtà kejì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì tí èèyàn lè paná, kó tilẹ̀kùn, kó máa lọ. Bí ẹni tó máa gbà á kò bá dé, Simbiat kò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé kọfí kan ní Brooklyn, Adétọ́lá Ẹ̀gà máa kọrin.

Bí ẹ kò bá mọ Adétọ́lá Ẹ̀gà, ẹ̀bi yín kọ́, ẹ̀bi àwọn tó ń ṣe rédíò ni. Ọmọ Òṣogbo ni màmá náà. Wọ́n ti ń ta gìtá fúnra wọn láyé ìgbà tí àwọn àgbààgbà àdúgbò ń pariwo pé gìtá lórí itan obìnrin kò bójú mu. Àwọn àgbààgbà náà pariwo títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Gìtá kò kúrò lórí itan. Ẹ̀gà ni àwọn èèyàn sọ wọ́n, orúkọ ẹyẹ tó máa ń pariwo lórí ọ̀pẹ láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí pé bí wọ́n bá ti gbé orin, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró. Ohùn wọn kò rí gbọnrangandan. Ó há díẹ̀, ó sì máa ń wọ èèyàn lára. Simbiat kò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ohùn náà. Ó bá a nínú ilé ni.

Sìlífátù, màmá Simbiat, ni télọ̀ Ìyá Ẹ̀gà. Àwọn télọ̀ mìíràn máa ń rán apá bùbá bákan náà lọ́tùn-ún lósì, gìtá á sì máa fún Ìyá Ẹ̀gà lábẹ́ apá títí aṣọ á fi ya. Sìlífátù nìkan ló fara balẹ̀ wò ó, tó rí i pé apá ọ̀tún, tó ń rékọjá orí gìtá, ló yẹ kó láyè ju tòsì lọ. Ó wá ń fi ègé aṣọ kékeré kan sí abẹ́ apá náà. Ojú ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí i. Nítorí ègé aṣọ yìí ni Ìyá Ẹ̀gà ṣe fi orúkọ Sìlífátù sínú orin wọn tó gbajúmọ̀ jù, èyí tí wọ́n pè ní "Àwọn Tó Gbé Mi Ró".

Apá méjì ni orin náà ní. Ní apá kìn-ín-ní, gìtá á máa sáré, Ìyá Ẹ̀gà á máa dárúkọ àwọn alààyè tó ṣe wọ́n lóore, wọ́n á sì máa ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà gìtá á rọlẹ̀, á ku okùn kan ṣoṣo, wọ́n á wá máa dárúkọ àwọn tó ti lọ. Kò síbi tí wọ́n ti ṣeré rí tí kì í ṣe orin yìí ni wọ́n fi kádìí rẹ̀.

Òfin kan sì wà tí Ìyá Ẹ̀gà kì í rú. Wọn kì í mú orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò ní apá kìn-ín-ní lọ sí apá kejì, àfi tí ọmọ ẹni náà bá dé iwájú wọn, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Sìlífátù fẹ́ràn láti máa sọ bí òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín á máa pa á títí abẹ́rẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gún un lọ́wọ́. Ẹnì kan ló wá sọ fún Ìyá Ẹ̀gà pé kọ́ńtírákítọ̀ kan ní Ìkìrun ti jáde láyé. Ìyá Ẹ̀gà sunkún, wọ́n dárúkọ ọkùnrin náà láàárín àwọn òkú, gbogbo èèyàn káàánú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí kọ́ńtírákítọ̀ wọlé tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó pa òun. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Láti ìgbà náà, Ìyá Ẹ̀gà kò gba àhesọ mọ́. Ọmọ ni kó wá sọ ọ́.

Sìlífátù sì ti kú. Súnkànmí, àbúrò Simbiat, ló pè láti Òṣogbo nígbà tí Simbiat ń wẹ̀ fún arúgbó kan, ó ní wọ́n ti fẹ́ máa gbé màmá lọ sí ibojì, nítorí Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Green card Simbiat kò tíì jáde nígbà náà. Bó bá kúrò ní Amẹ́ríkà, kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ó sọ fún Súnkànmí pé òun ti gbọ́. Ó nu ẹ̀yìn arúgbó náà gbẹ, ó fi ìpara pa á, ó sì lọ gbé oúnjẹ rẹ̀ kaná. Kò sunkún. Bí àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ̀ ní Morris Heights bá bi í pé màmá ńkọ́, á ní, "Wọ́n wà o, a dúpẹ́." Láti ìgbà náà ni kò sì ti lè jókòó síbì kan kó sinmi. Bó bá jẹun, ìdúró ni. Bó bá wo tẹlifíṣọ̀n, yóò máa nu àga tó yẹ kó jókòó lé.

Ìyá Ẹ̀gà ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní London tipẹ́, Súnkànmí kò sì ka olórin sí ẹni tí wọ́n ń lọ sọ ọ̀rọ̀ òkú fún. Nítorí náà Simbiat mọ ohun kan tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Nínú orin Ìyá Ẹ̀gà, Sìlífátù kò tíì kú. Nǹkan tó sì ń wá lọ sí Brooklyn kò ju ìyẹn lọ: kó gbọ́ orúkọ màmá rẹ̀ láàárín àwọn alààyè, láti ẹnu ẹni tó gbà gbọ́ pé ó wà láàyè. Ẹ pè é ní ìwà ọmọdé bó bá wù yín. Ẹni tí màmá rẹ̀ ṣì ń gbé fóònù ló lè pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Hameedah wọlé níkẹyìn tòun ti ọ̀rá oúnjẹ àti àwáwí, Simbiat kò dúró gbọ́ ìkankan. Ó ti wọ bàtà rẹ̀ sẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó sáré gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú irin. Nínú ọkọ̀, àyè ìjókòó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń ka orúkọ ibùdókọ̀ lára ògiri bí ẹni pé kíkà ni yóò mú ọkọ̀ sáré. Ó pààrọ̀ ọkọ̀ ní 125th Street. Èyí tó bọ́ sí rìn díẹ̀, ó sì dúró sínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ, kò sì sẹ́ni tó bìkítà. Simbiat nìkan ló ń yẹ fóònù wò tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì lórí rẹ̀, tó ń bú ọkọ̀ náà lábẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan dìde, ó ní kó wá jókòó. Ó ní, "No, thank you, I'm okay." Irọ́ ni.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó dé. Yàrá náà kò ju pálọ̀ ẹni tó rí jájẹ lọ, wọ́n to àga onírin sí i, òórùn kọfí ń ti ìdí ògiri wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó máa ń rí orin àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé àwọn ló wú u. Tọkọtaya Yorùbá kan láti Canarsie ló jókòó sí ìlà kejì, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn wọn. Christina, ọmọ Simbiat, ti gba àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ibí ni wọ́n bí Christina sí, ó ti jáde yunifásítì, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè kò sí ilẹ̀. Òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì.

"Mummy, ẹ jókòó," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màá jókòó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí."

Kò jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì wo iwájú.

Ìyá Ẹ̀gà ti kéré. Ìyẹn ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Nínú àwòrán ara àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, obìnrin sígbọnlẹ̀ ni wọ́n; ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ yìí, gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Francis ló ń ta gìtá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sì sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti lanu báyìí, ohùn náà ni. Omi bọ́ lójú Simbiat, ó yára nù ún. Lẹ́yìn náà ló wá rí aṣọ náà. Bùbá aláwọ̀ ewé ni, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀gà na apá ọ̀tún, abẹ́ apá náà ṣí, ègé aṣọ kékeré kan sì yọ. Simbiat mọ ègé aṣọ náà. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu.

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀ rárá. Ó lọ sí ìdí ilẹ̀kùn, ó padà. Ó ra omi, kò mu ún. Bí orin kan bá ti parí, á rò pé orin màmá òun ló kàn, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dájú pé ìparí eré ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Ọmọbìnrin kan tó wà níwájú rẹ̀ yíjú wò ó nítorí ariwo bàtà rẹ̀. Simbiat náà wò ó padà títí ó fi gbé ojú kúrò.

Nígbà tí wọ́n sinmi láàárín eré, Francis bọ́ síwájú, ó ní, "Ta ni ọmọ Sìlífátù níbí?"

Christina ló nawọ́ sókè, inú rẹ̀ ń dùn.

"Surprise! Èmi ni mo fi message ránṣẹ́ sí wọn, Mummy. Mo sọ pé ẹ ń bọ̀."

"Kí lo tún sọ fún wọn?"

"Just pé Grandma máa ń rán aṣọ fún wọn. Kí ló dé?"

Kò sí àyè láti fèsì. Francis ti mú wọn gba ẹ̀yìn lọ sí yàrá kékeré tí wọ́n ń kó páálí mílíìkì sí. Ìyá Ẹ̀gà jókòó lórí àpótí kan níbẹ̀, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ń mu omi gbígbóná. Simbiat kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Dìde, jẹ́ kí n rí ojú rẹ." Wọ́n di àgbọ̀n rẹ̀ mú. "Háà! Sìlífátù rèé! Francis, wá wo imú. Imú yìí gan-an ló máa ń fi yínmú sí mi bí mo bá ní kó gé aṣọ mi kúrú." Ẹ̀rín pa wọ́n, omi inú ife dà sílẹ̀. "Ìyá rẹ ńkọ́?"

Ìbéèrè kékeré. Gbogbo ọjọ́ ayé Simbiat ni wọ́n ti ń bi í, ó sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀ sórí.

"Wọ́n wà, mà," ó ní. "Wọ́n ń kí yín."

"Mummy?" Ohùn Christina wá láti ẹ̀yìn. Simbiat kò yíjú. Ó sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ ọmọ náà lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ó wà!" Ìyá Ẹ̀gà ní. "London tí mo wà yẹn, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan fún mi. Wò ó." Wọ́n gbé apá ọ̀tún sókè. "Òun ló rán èyí. Ó ti ń tú, àbí o ò rí i? Ọmọ mi fẹ́ gbé e lọ fún télọ̀ òyìnbó, mo ní kó má dán an wò. Bí mo bá ti kúrò níbí, Òṣogbo ni mò ń lọ. Kí n tó dé ilé mi, ilé Sìlífátù ni màá kọ́kọ́ yà. Sọ fún un kó má jáde lọ́jọ́ náà o. Kó ti wá òwú aláwọ̀ ewé sílẹ̀ dè mí."

"Wọ́n á gbọ́, mà."

"Ṣé ó ṣì ń gun àtẹ̀gùn burúkú ilé yín yẹn?"

"Rárá, mà. Wọn ò gùn ún mọ́."

Nínú gbogbo ohun tó sọ, ìyẹn nìkan ni òtítọ́. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì jáde kí wọ́n tó bi í ní nǹkan mìíràn.

Christina bá a ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Oòrùn ń wọlé láti fèrèsé òkè, ojú ọmọ náà sì hàn kedere. Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù.

"Mummy, why did you say that?"

"Má pariwo."

"She's old. Wọ́n máa lọ síbẹ̀. Wọ́n máa kan ilẹ̀kùn. Then what? Àjèjì kan ló máa ṣílẹ̀kùn fún wọn?"

"Mo ní má pariwo! Ọ̀rọ̀ tèmi ni."

"Ẹ ò sọ ọ́ rí," Christina ní. "Like, ever. Daddy ló sọ fún mi pé Grandma ti kú. Mò ń dúró pé kí ẹ̀yin náà sọ ọ́. I'm still waiting."

Simbiat wọ inú ilé ìtọ̀, ó tilẹ̀kùn. Ó fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ó ń gbọ́ gìtá tó tún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ó rò ó pé, kí ló kan Christina níbẹ̀? Kí ló kan ẹnikẹ́ni? Bí òun bá panu mọ́, màmá á ṣì wà ní apá kìn-ín-ní ní gbogbo ìlú tí orin náà bá dé. Ìyá Ẹ̀gà lè má lọ sí Òṣogbo mọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n, ara lè má gbà. Ó tún rí wọn lójú inú rẹ̀, tí wọ́n ń fa ara wọn gun àtẹ̀gùn náà, bùbá aláwọ̀ ewé náà nínú ọ̀rá, tí wọ́n ń pe Sìlífátù láti ìsàlẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àwọn tó háyà ilé náà báyìí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Sìlífátù. Ó tún fọ ọwọ́ náà.

Nígbà tó padà, ògiri náà ló tún lọ fẹ̀yìn tì. Àwọn orin tó kù kọjá létí rẹ̀, kò gbọ́ wọn. Ó kàn ń wo apá ọ̀tún náà tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìyá Ẹ̀gà wá gbé ojú sókè, wọ́n ní èyí ló kẹ́yìn. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ní bí wọn yóò ṣe máa gbè é: "Àmín o" ní apá kìn-ín-ní, "Sùn un re" ní apá kejì. Àwọn ọmọ náà gbìyànjú. Obìnrin Canarsie yẹn ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Orúkọ ń tẹ̀ lé orúkọ, "Àmín o" ń tẹ̀ lé "Àmín o". Simbiat ti kúrò lára ògiri láìmọ̀.

"Sìlífátù, abẹ́rẹ́ tó mọ apá mi,
Ìwọ lo fàyè sílẹ̀ fún gìtá mi.
Ẹ̀mí rẹ á gùn, ojú rẹ kò ní fọ́,
Òwú kò ní tán nínú ẹ̀rọ rẹ."

"Àmín o!" ni gbogbo yàrá wí.

Ohun tó wá gbọ́ nìyẹn, ó sì ti gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn. Màmá rẹ̀ wà láàyè, àwọn àjèjì ń ṣe àmín sí ẹ̀mí rẹ̀ ní Brooklyn, ó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń yínmú. Àfi bí Ìyá Ẹ̀gà ṣe wò ó tààrà láti iwájú, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì fi èyí tí kò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kún un:

"Ọmọ rẹ wà níwájú mi, ó ní o ń kí mi.
Mo gbọ́ kíkí rẹ, Sìlífátù, mo ń bọ̀ lọ́nà."

"Àmín o!"

Ẹnu Simbiat kò ṣe àmín náà. Màmá rẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni. Òun ló fi kíkí náà sí òkú lẹ́nu, arúgbó kan sì ti gbà á, ó ti sọ ọ́ di orin, ó ń gbé e lọ sílé. Ojú tì í débi tí etí rẹ̀ fi gbóná. Kò mọ̀ pé ohun tí òun wá gbà lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun.

Gìtá rọlẹ̀. Ó ku okùn kan. Francis gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá tirẹ̀. Ìyá Ẹ̀gà di ojú, wọ́n dárúkọ ẹnì kan, yàrá ní "Sùn un re". Wọ́n dárúkọ ẹlòmíràn. Àwọn òkú Ìyá Ẹ̀gà ti pọ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò tán láìpẹ́, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, olúkúlùkù á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ Simbiat ti ń rìn. Ó gba àárín àga kọjá, ó tẹ báàgì ẹnì kan mọ́lẹ̀, kò dúró. Àwọn kan gbé fóònù sókè, wọ́n rò pé ó fẹ́ lọ jó ni. Ó dé iwájú, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá orúnkún Ìyá Ẹ̀gà, ó na ọrùn sí etí wọn.

"Mà, irọ́ ni mo pa. Màmá mi ti kú."

Ọwọ́ Ìyá Ẹ̀gà kò dúró lórí okùn náà. Wọ́n la ojú.

"Ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, mà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin."

"Ìwọ lo sin ín?"

"Rárá, mà. Ibí ni mo wà."

Okùn náà ń dún, ó ń dún. Omi ń bọ̀ lójú Ìyá Ẹ̀gà, wọn kò nù ún, nítorí ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Etí mi nìkan lo sọ ọ́ sí," wọ́n ní. "N kò lè fi ìyẹn gbé Sìlífátù kúrò níbi tó wà. Yíjú. Sọ ọ́ síta."

Simbiat yíjú. Ó rí àwọn ọ̀dọ́ náà pẹ̀lú fóònù wọn, ó rí tọkọtaya Canarsie. Ó rí Christina tó ti dìde.

"Màmá mi ti kú," ó ní. Kò dún dáadáa. Ó tún un sọ, èyí sì kan ògiri. "Sìlífátù, màmá mi, ti kú."

"Háà!" ni obìnrin Canarsie yẹn ké. Àwọn yòókù kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n fóònù ń lọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ẹ̀gà mí kanlẹ̀, wọ́n sì gbé orin.

"Sìlífátù, mo pè ọ́ lápá ọ̀hún,
Ọmọ rẹ ló bá ọ dáhùn.
Mo wá pè ọ́ lápá ibí,
Ìwọ fúnra rẹ dá mi lóhùn.
Màá tún abẹ́ apá mi rán fúnra mi,
Abẹ́rẹ́ tó mọ̀ mí ti sinmi."

"Sùn un re," ni yàrá wí. Ohùn kan wà nínú wọn tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè kò sí ilẹ̀. Ohùn náà ń sún mọ́ iwájú.

Simbiat fẹ́ gbè é. Ìyá Ẹ̀gà na apá sókè láti lu okùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, abẹ́ apá ṣí lókè orí rẹ̀, ó sì rí ojú òwú màmá rẹ̀, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, apá kan ti tú, apá kan ṣì dì mú. Ó jókòó sílẹ̀ pátápátá, lórí pákó yàrá náà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí àwọn ìyá àtijọ́, ó sì bú sẹ́kún. Christina jókòó tì í, ó gbé orí ìyá rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀.

Okùn náà dákẹ́. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, gbogbo yàrá wá dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo, àga ń ró. Simbiat kò dìde.